Oògùn Apàrora Tó Ń Di Bárakú: Ìtàn Rẹ̀ àti Àmì Rẹ̀

Kò sí ọmọ ènìyàn tí ìrora kì í bẹ̀ wò. Àgbẹ̀ tó ti ń já kòkó láti àárọ̀ ní oko Ìkirè, ìyá tó jókòó ti agbada dòdò láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láàárín Apòmù àti àwọn abúlé tó yí i ká, gbogbo wọn ló mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ro ènìyàn tí orúnkún sì ń dùn ún. Ẹ̀sìn wa kò ní kí á jókòó ti ìrora. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí á máa wá ìwòsàn. Nítorí náà, oògùn kọ́ ni ọ̀tá wa nínú àròkọ yìí.

Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbààgbà wa sọ ni bí oògùn tí wọ́n ṣe láti fi tu ènìyàn lára ṣe ń di ẹ̀wọ̀n sí i lọ́rùn. Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, kí á rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta nìkan.

Ọjà Apòmù

Ìlú ọjà ni Apòmù láti ayébáyé. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ nípa àwọn Yorùbá jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ọjà yìí ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé. Ọjà rere ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn ajínigbé ti ń mú ọmọ ọlọ́mọ tà lẹ́rú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, aáwọ̀ lórí ataare nínú ọjà yìí wà lára ohun tí Johnson sọ pé ó dá ogun Òwu sílẹ̀. Ogun yìí ló tú Òwu ká, Ìkirè àti Apòmù náà sì rí nínú ìyà àkókò yẹn. Ẹ wo bí ataare ti kéré tó! Ohun tó kéré lórí àtẹ lè tóbi nínú ìlú.

Lónìí, Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Apòmù ni olú ìlú Ìsọ̀kan. Àwọn méjèèjì wà ní agbègbè ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ àti Iléṣà, ọkọ̀ kì í sì í yé kọjá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Ìkirè, tí àwọn ọmọ ti ń wá láti ìlú gbogbo. Ibi tí ọ̀nà bá gbà ni ọjà ń gbà. Ibi tí ọjà bá sì gbà, rere àti búburú a máa jọ wọ ìlú. Oògùn apàrora wà lára ẹrù tó ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kiri gbogbo ilẹ̀ wa. Kóró rẹ̀ kéré ju ataare mélòó kan lọ.

Ohun tí Al-Biruni ti rí

Àwọn kan rò pé àìsàn àwọn Òyìnbó ni kí oògùn di bárakú. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni Al-Biruni. Wọ́n bí i ní 973 ní ilẹ̀ Khwarazm, ní àárín gbùngbùn Éṣíà. Ó mọ ìṣirò, ó mọ ìràwọ̀, ó mọ ìtàn, nígbà tó sì di arúgbó ó kọ ìwé lórí oògùn. Nínú ìwé náà ló ti sọ̀rọ̀ nípa ópíọ̀mù, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní afyun. Oje ni, tó máa ń ṣàn jáde lára èso òdòdó kan bí wọ́n bá fi abẹ sín in.

Al-Biruni ṣàlàyé pé àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ olóoru, pàápàá ní Mẹ́kà, ti sọ ọ́ di àṣà láti máa lo afyun lójoojúmọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó ni láti lé ìrònú lọ, láti fara da ooru, àti láti sùn dáadáa. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì máa fi kún un títí yóò fi dé ìwọ̀n tó lè pa ènìyàn.

Ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Al-Biruni kò sọ pé ọ̀daràn ni wọ́n. Ooru, ìrònú àti àìsùn ló gbé wọn dé ibẹ̀, ohun tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó tún ti to ìpele rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún wa: díẹ̀, lójoojúmọ́, àfikún, ikú. Gbogbo ohun tí àwọn dókítà òde òní ń sọ nípa bárakú oògùn apàrora, orí ìpele mẹ́rin yìí ló dúró lé. Ibn Sina, tó gbé ayé ní àkókò kan náà tó sì kú ní 1037, mọ̀ pé afyun ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ ní pípa ìrora, ó sì mọ̀ pé ewu ń bẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ yìí ti wà lọ́dọ̀ àwọn aṣáájú wa. Ìgbàgbé ló ṣe àwọn tó tẹ̀lé wọn.

Ìlérí kan náà, ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní nǹkan bíi 1804, ọ̀dọ́kùnrin apòògùn kan ní ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Sertürner, rí ọ̀nà láti yọ agbára inú ópíọ̀mù sọ́tọ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní morphine. Ní 1832, Pierre Robiquet ní ilẹ̀ Faransé tún yọ òmíràn nínú ópíọ̀mù kan náà, èyí tí a mọ̀ sí codeine, tí wọ́n wá ń fi sínú oògùn ikọ́. Àwọn kan gbà nígbà náà pé morphine kò ní di bárakú bíi ti ópíọ̀mù, wọ́n tilẹ̀ fi wo àwọn tí ópíọ̀mù ti di bárakú fún. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà máa fi parí ní 1865, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí wọ́n fi morphine tọ́jú ọgbẹ́ wọn ni kò lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Ní 1898, ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì gbé òmíràn jáde láti fi wo ikọ́. Wọ́n ní tuntun yìí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé kò ní bárakú nínú. Orúkọ rẹ̀ ni heroin. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn mọ ohun tí heroin dà lónìí.

Ní 1996, ilé iṣẹ́ Purdue ní Amẹ́ríkà gbé OxyContin jáde. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ ń sọ fún àwọn dókítà pé ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó di bárakú fún aláìsàn. Ní 2007, ilé iṣẹ́ náà gbà ní kóòtù pé àwọn ṣi aráyé lọ́nà lórí ewu rẹ̀, wọ́n sì san owó ìtanràn tó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là. Ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọgbín lẹ́nu. Láàárín 1999 sí 2021, ó lé ní 600,000 ènìyàn tí oògùn ìdílé ópíọ̀mù pa ní Amẹ́ríkà nípa àlòjù. Àwọn kan nínú wọn kò fẹnu kan igbó tàbí heroin rí; ìwé tí dókítà kọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Tramadol tí a mọ̀ jù lọ níbí náà, ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ṣe é ní 1962, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1977. Agbára rẹ̀ kò tó ti morphine, ọ̀pọ̀ dókítà sì gbà pé ewu bárakú rẹ̀ kéré. Nítorí èyí, àwọn àdéhùn àgbáyé lórí oògùn olóró kò ká a mọ́ ti morphine. Kí á sọ òtítọ́, ìdí pàtàkì kan tún wà fún un: ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ilẹ̀ aláìní, morphine kì í tètè dé ọwọ́ aláìsàn, tramadol ló ń dé. Bí wọ́n bá dè é mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Oògùn ìrora kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Yàtọ̀ sí àgbo tí a jogún lọ́wọ́ àwọn baba wa, ní 1918 ni Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Alábùkún ní Abẹ́òkúta, oògùn oníyẹ̀fun tí kò sí ilé tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìdílé ópíọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aspirin náà lè dá ọgbẹ́ sí ènìyàn nínú bí a bá ń lò ó ní àlòjù. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ó ti pẹ́ tí ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa ti ń ra oògùn ìrora jẹ fúnra rẹ̀, láìrí dókítà. Nígbà tí tramadol dé, ojú ọ̀nà tí ó bá nílẹ̀ ló tọ̀.

Ìjọba dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989 láti gbógun ti oògùn olóró, wọ́n sì fi òfin dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Tramadol tí NAFDAC fọwọ́ sí kò ju 50 àti 100 mílígíráàmù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò fàyàwọ́ ń kó èyí tó jẹ́ 200, 225 àti 250 wọlé láti òkèèrè. Kóró kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí tó kóró mẹ́rin ti 50 tí ilé ìwòsàn ń fúnni, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀, alágbàṣe, awakọ̀ àti ọlọ́kadà ń lò ó kí ó má bàa rẹ̀ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ó kí ó lè fi òru kàwé. Àwọn mìíràn ń lò ó nítorí ọ̀rọ̀ iyàrá. Àwọn ọmọ kéékèèké ń pò ó pọ̀ mọ́ oògùn ikọ́ àti ọtí, wọ́n sì ń pe ohun mímu náà ní omi gọ́tà. Orúkọ náà tó ìkìlọ̀ fún ẹni tó ní làákàyè.

Àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ àti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró jọ ṣe ìwádìí kan, tí wọ́n pe ní ti 2018. Wọ́n rí i pé 14.3 mílíọ̀nù ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Ẹni kan nínú méje ni èyí. Nínú wọn, 4.6 mílíọ̀nù ló lo oògùn apàrora bíi tramadol, codeine àti morphine láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Agbègbè tí ìlò oògùn olóró ti pọ̀ jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá tiwa, níbi tó ti tó 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí èyí pa ẹnu àwọn tó ń sọ pé wàhálà àwọn ará òkè Ọya nìkan ni.

Ní òpin oṣù kẹrin 2018, iléeṣẹ́ BBC gbé fíìmù kan jáde tó tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń ta oògùn ikọ́ oní-codeine ní ọjà dúdú ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n má ṣe é mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọlé mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, orílẹ̀-èdè Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ tramadol ti ń wá, fi í sábẹ́ òfin oògùn olóró wọn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ní oṣù kejì 2025, BBC tún fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ń kó oògùn mìíràn ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà àti Gánà wà lára wọn. Tapentadol tó jẹ́ ìdílé ópíọ̀mù ni wọ́n pò pọ̀ mọ́ carisoprodol tó ń mú iṣan dẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní àgbáyé tó fọwọ́ sí àpòpọ̀ yìí. Ìjọba Íńdíà fòfin dè é lẹ́yìn ìròyìn náà. Bí a bá dí ihò kan, eku a gbẹ́ òmíràn. Òfin dára, a sì nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n títí tí ẹni tó fẹ́ rà yóò fi dín kù, ẹni tó fẹ́ tà kò ní tán.

Ìtàn igi egbèsì

Ìtàn kan wà tó yẹ kí àwọn àgbà wa tó ń wa egbò igi gbọ́. Ní 2013, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé àwọn rí tramadol nínú egbò igi egbèsì ní apá àríwá Kamẹrúùnù. Igi yìí ni àwa náà ń fi egbò rẹ̀ ṣe àgbo. Ayọ̀ ńlá ni: Ọlọ́hun ti dá tramadol sínú igi kí Òyìnbó tó ṣe é! Ṣùgbọ́n ní 2014, àwọn onímọ̀ mìíràn tún lọ wò ó. Wọ́n rí i pé ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń lo tramadol nìkan ni ó ti wà nínú egbò igi. Níbi tí wọn kò ti ń lò ó, kò sí nínú egbò. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń lò ó kí wọ́n lè fara da iṣẹ́ nínú oòrùn, wọ́n sì ń fún màlúù wọn pẹ̀lú. Ìtọ̀ ènìyàn àti ti ẹran ló gbé e wọ inú ilẹ̀, tí ilẹ̀ fi gbé e fún igi.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí oògùn bá pọ̀ nínú ara ènìyàn àti ẹran títí ó fi dé gbòǹgbò igi, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọ burúkú kan ní ìkọ̀kọ̀ mọ́. Ti gbogbo ìlú ni.

Bó ṣe ń mú ènìyàn

Ọlọ́hun dá oògùn ìrora tirẹ̀ sínú ara ọmọ ènìyàn. Ọpọlọ ní ibi kan tó dà bí ihò kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ sì ni oògùn àdánidá yìí máa ń wọ̀ tí ara yóò fi tuni. Oògùn ìdílé ópíọ̀mù bá ihò yìí mu, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ pọ̀ ju ti àdánidá lọ. Bí ó bá ń wọlé lójoojúmọ́, ara yóò dẹwọ́ nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ọpọlọ kò sì ní tètè jẹ́ ìpè mọ́. Kóró kan tó ń ṣiṣẹ́ lánàá kò ní ṣiṣẹ́ lónìí, ó di méjì, ó di mẹ́rin. Bí ẹni náà bá dáwọ́ dúró lójijì, gbogbo ara yóò máa ro ó, imú yóò máa ṣomi, yóò máa làágùn, yóò máa yàgbẹ́ gbuuru, oorun kò ní kùn ún, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. Nígbà náà, kò lò ó fún ìgbádùn mọ́. Ó ń lò ó kí àìsàn má bàa dá a dùbúlẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sunkún pé òun fẹ́ fi sílẹ̀ fi lè tún padà sí i ní ọjọ́ kejì. Kì í ṣe pé kò nítìjú.

Ewu méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, oògùn yìí ń dín mímí kù. Bí ó bá pọ̀ jù, tàbí bí a bá pò ó mọ́ ọtí, paraga tàbí oògùn oorun, èémí yóò máa falẹ̀ títí yóò fi dá. Ojú oorun ni ẹlòmíràn ń gbà lọ. Èkejì, tramadol ní pàtàkì lè fa gìrì, ó lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ bí alárùn wárápá, kódà ẹni tí kò ní wárápá rí.

Àmì tí ẹ ó máa wò

Àwọn àgbà ní, kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí ìrora tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní oògùn bá ti lọ, tí kò sì fi oògùn sílẹ̀. Bí ó bá ń lò ju ohun tí dókítà kọ lọ, tàbí tó ń lọ láti kẹ́mísì kan sí òmíràn. Bí ó bá ń tòògbé ní ọ̀sán gangan láàárín ọ̀rọ̀, tí ọmọlójú rẹ̀ sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Bí ó bá ń họ ara, tí ìgbẹ́ ń ṣòro fún un, tí oúnjẹ kò wù ú, tó sì ń rù. Bí inú rẹ̀ bá dùn jù láàárọ̀, tó sì di oníbìínú nírọ̀lẹ́. Bí owó bá ń sọnù nínú ilé, tí ẹ sì ń rí káàdì oògùn tó ti tán lábẹ́ ẹní tàbí nínú àpò ṣòkòtò. Bí ó bá pa ìrun tì, tó pa iṣẹ́ tì, tó yí ọ̀rẹ́ padà. Àmì kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí, nítorí àìsàn mìíràn lè fa òmíràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má fojú fò ó.

Bí ẹ bá pe ẹnìkan tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀ tàbí tó ń hanrun lọ́nà àjèjì, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ sọ òtítọ́ ohun tó lò fún dókítà, nítorí oògùn kan wà, naloxone, tó lè ṣẹ́gun àlòjù yìí bí ó bá tètè dé. Ẹ má ṣe rọ epo, mílíìkì tàbí omi sí i lẹ́nu. Bí gìrì bá gbé e, ẹ má ṣe ki ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má sì fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Àgbo yẹn ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì fúnra rẹ̀ kì bá tí pa.

Kí ni kí á ṣe?

Ìdájọ́ ẹ̀sìn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Sàyídínà Umar ṣàlàyé lórí mínbárì pé ohunkóhun tó bá ti bo làákàyè mọ́lẹ̀, ọtí ni. Kò yọ kóró sílẹ̀, kò yọ oògùn ikọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé òun kì í mutí, tó sì ń gbé tramadol mì kí ojú rẹ̀ lè dá, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrora ń jẹ, tí dókítà kọ ọ́ fún ní ìwọ̀n, kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dá aláìsàn lóró. Ọmọ tí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní síkúsẹ̀ẹ̀lì, ń gbé ṣánlẹ̀ lóru nílò oògùn tó lágbára nígbà mìíràn. Ẹ má pè é ní olóògùn olóró. Ohun tó yẹ ni kí òbí pa oògùn náà mọ́, kí dókítà sì máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé.

Ẹ̀yin tó ní kẹ́mísì, ẹ mọ̀ pé tramadol kì í ṣe ọjà tí à ń tà fún ẹni tí kò mú ìwé dókítà wá. Ẹ̀yin olóko àti ọ̀gá iṣẹ́, ẹ má fún alágbàṣe ní oògùn kí ó lè ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ lẹ rà, ẹ kò ra ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára káàdì. Tramadol tó bá ju 100 mílígíráàmù lọ, ẹrù fàyàwọ́ ni, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti di bárakú fún, ẹ má dè é mọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ẹ má sì nà án. Ẹ má sì ní kí ó ṣíwọ́ lójijì lóun nìkan nínú yàrá, nítorí ìnira rẹ̀ lè pọ̀. Dókítà lè máa dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ wa fi ọ̀nà hàn wá. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò. Dípò kí ó ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ inú ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ará ilé wọn kan tí yóò máa wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn Arò ṣì ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Ní ti àwa ará Ìkirè àti Apòmù, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ àti UCH ní Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Ohun tí Lambo fi kọ́ wa ni pé dókítà nìkan kò tó. Ará ilé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ wa jẹ́ ibi tí ìyá kan lè dé kí ó sọ pé, "Ọmọ mi ń lo oògùn, ẹ gbà mí," láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ti dé ọjà kí ó tó délé. Ìtìjú ló ń mú kí òbí fi bò ó. Ibi tí wọ́n sì fi bò ó sí ni ikú ti ń bá a.

Ataare kan ní ọjà Apòmù ti dá ogun sílẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó tètè pa iná aáwọ̀ náà. Èyí tó wà lórí àtẹ lónìí, ọwọ́ wa ṣì ká a. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tí a ó fi tètè rí i, kí Ó fún àwọn tó ti kó sínú rẹ̀ ní ìtúsílẹ̀, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.